Dráìfù Tí A Fi Ń Ṣiṣẹ́ àti Dráìfù Tí A Fi Ń Tọ́jú

Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó, alẹ́ Sátidé gan-an sì ni iṣẹ́ ẹni tó ya fídíò rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà méjì ló gbé lọ. Ọ̀kan dúró sójú kan, ó kọjú sí ìjókòó ọkọ àti ìyàwó. Èkejì ń tẹ̀ lé alága ìdúró kiri inú gbọ̀ngàn. Bí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan bá ń ya 4K ní 100 mẹ́gábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Sony tí a ń gbé lọ sóde ṣe ń ṣe, wákàtí kan yóò gba gígábáìtì 45, tí a ń kọ ní 45 GB. Wákàtí márùn-ún, kámẹ́rà méjì: 450 GB. Òde kan ṣoṣo nìyẹn o. Ẹni tó bá lọ sóde mẹ́ta lóṣù, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ yóò kún kí oṣù tó parí, yóò sì di dandan kó wá ibòmíràn kó ẹrù náà sí.

Ìgbà náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, dráìfù wo ló dáa?" Mo ti ṣíwọ́ dídárúkọ fún wọn. Ìbéèrè ni èmi náà fi ń dá wọn lóhùn: ṣé èyí tí o fẹ́ máa gé fídíò lórí rẹ̀ ni, àbí èyí tí o fẹ́ kó fídíò pamọ́ sí? Àgbẹ̀ kì í dáná nínú àká, kì í sì í kó iṣu ọdún kan jọ sídìí ààrò. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, dráìfù tó bá sì mọ ọ̀kan ṣe dáadáa kì í sábà mọ èkejì ṣe. Ibi tí owó àwọn ọ̀dọ́ ẹ́dítọ̀ ti ń ṣòfò jù nìyẹn: wọn a ra ẹyọ kan, wọn a ní kó máa ṣe ààrò, kó máa ṣe àká.

Ẹ jẹ́ ká tú irú dráìfù méjì tó wà wò, háàdì dráìfù àti SSD. Háàdì dráìfù ni baba nínú wọn. Ní 1956 ni IBM gbé àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní RAMAC. Àwo àádọ́ta ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì 24, gbogbo ohun tó sì lè gbà kò tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Fọ́tò kan tí ẹ fi fóònù yà lónìí lè má gbà síbẹ̀. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà nínú èyí tí a ń fi sápò, ó kàn kéré ni. Ó ń yí bìrìbìrì: ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan nínú ọ̀pọ̀ àwọn kékeré tó ń gba iná láti ara okùn USB, ìgbà 7,200 nínú ọ̀pọ̀ àwọn ńlá tí a ń gbé sórí tábìlì. Apá kan ń lọ síwá-sẹ́yìn lórí àwo náà bí apá giramafóònù àwọn bàbá wa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kì í kan àwo bí abẹ́rẹ́ giramafóònù ṣe ń kàn án. Atẹ́gùn tí àwo ń fẹ́ bó ṣe ń yí ló gbé e dúró, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó nanomítà mẹ́wàá. Irun orí ẹyọ kan nípọn ju àlàfo yẹn lọ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ẹ wá ro ó wò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ já lulẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Orí yóò lu àwo, yóò ha á, ohun tó wà ní ojú ibi tó ha sì ti lọ nìyẹn. Tèmi kò tiẹ̀ já láti òkè. Orí àga ni mo gbé e sí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ kọ́ okùn rẹ̀ níbi tó ti ń sáré kọjá. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ tó fi balẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ìsìnkú bàbá oníbàárà kan sì wà nínú rẹ̀ tí n kò tíì kó síbòmíràn.

Háàdì dráìfù kì í ṣe ọ̀lẹ bí ẹ bá ní kó ka nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kékeré máa ń gbé nǹkan bíi 100 sí 140 mẹ́gábáìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ńlá lè kọjá 200. Ṣùgbọ́n ẹ́dítọ̀ kì í wo fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń fò láti orí ìwọlé ìyàwó sí orí àdúrà, ó ń padà sí kámẹ́rà kejì, ó ń fa ohùn láti fáìlì mìíràn. Gbogbo ìgbà tó bá fò, apá gbọ́dọ̀ rìn dé ibẹ̀, yóò sì dúró de àwo kó yí dé abẹ́ rẹ̀. Ìrìn kan kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n bí ìrìn bá pọ̀, fídíò á máa gán. Nǹkan mìíràn tún wà: etí ìta àwo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀wé, ibẹ̀ ló sì ń sáré jù. Bí dráìfù bá ti kún dé ààrin gbùngbùn, iyára rẹ̀ lè sún mọ́ ìdajì ohun tó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń ṣe dráìfù dá kí ẹrù púpọ̀ lè gba orí àwo kan náà. Wọ́n ń kọ ìlà lé ara wọn létí, bí kápẹ́ńtà ṣe ń to páànù sórí ilé, tí etí èyí ń bo etí ìyẹn. Òjò kò ní rí àyè wọlé, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páànù kan ṣoṣo láàárín, ẹ ó kọ́kọ́ ká àwọn tó bò ó mọ́lẹ̀ kúrò, ẹ ó sì tún wọn tò padà. SMR ni wọ́n ń pe irú dráìfù bẹ́ẹ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ kò gun ara wọn ni CMR. Ọ̀pọ̀ háàdì dráìfù kékeré tí a ń fi sápò ló jẹ́ SMR. Ẹ da ẹrù ńlá sí i lẹ́ẹ̀kan, yóò sáré díẹ̀, yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ gun òkè. Ní 2020, ariwo sọ láàárín àwọn oníbàárà nígbà tó hàn pé Western Digital ti fi SMR sínú àwọn kan lára dráìfù Red rẹ̀ láìkọ ọ́ síbi tí èèyàn ti lè rí i. Seagate àti Toshiba náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Fún àká, SMR kò burú, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó kó iṣu síbẹ̀. Ẹ má ṣáà dáná níbẹ̀.

SSD kò ní àwo, kò ní apá, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ohun tó ní ni ọ̀kẹ́ àìmọye yàrá tíntìntín tí wọ́n ń há iná mànàmáná mọ́. Fujio Masuoka, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló gbé ìmọ̀ náà jáde ní àwọn ọdún 1980. Nítorí pé kò sí apá tó ní láti rìn, fífò láti fáìlì kan sí òmíràn kì í ni ín lára, bó bá sì já láti orí tábìlì, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ba èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ààrò ni.

Ṣùgbọ́n SSD yàtọ̀ sí SSD. Bí ẹ bá gbé kọ́ńgò kan síwájú ìyá onígààrí, tí ẹ sì bi í pé ó kún àbí ó ṣófo, kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ní kó sọ èyí tí gààrí inú rẹ̀ jẹ́ nínú ìpele mẹ́jọ, yóò tẹjú mọ́ ọn. Bí ẹ bá ní ìpele mẹ́rìndínlógún, yóò ní kí ẹ fún òun láyè. Bẹ́ẹ̀ ni yàrá inú SSD rí. Èyí tí wọ́n ń pè ní TLC ń ya ìpele mẹ́jọ sọ́tọ̀ nínú yàrá kan, QLC ń ya mẹ́rìndínlógún. QLC gba ẹrù ju ìyẹn lọ, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dínkù, àmọ́ ó ń lọ́ra láti kọ nǹkan, ó sì ń tètè gbó.

Kí oníbàárà má bàa rí ìlọ́ra yìí, wọ́n máa ń ya apá kan SSD sọ́tọ̀ bíi fàrándà: ohun tí ẹ bá gbé wá, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jù ú sí kíákíá, yóò wá máa rọra kó o wọ yàrá nígbà tí ẹ kò bá wò ó. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí, iyára fàrándà ni. Fún ẹni tó ń kó lẹ́tà àti fọ́tò, fàrándà kò ní kún láé. Fún wa tí a ń da 450 GB sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á kún, iyára á sì já wálẹ̀. Nínú QLC olówó pọ́ọ́kú, ó lè já dé ibi tí kò ti ní sàn ju háàdì dráìfù lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra SSD fún fídíò kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà ńlá yẹn nìkan. Kó wá àyẹ̀wò ẹni tó da ọgọ́rọ̀ọ̀rún GB sí i, kó wo ibi tí iyára dúró sí nígbẹ̀yìn.

Ohun kejì tí ó mú kí n má fi SSD ṣe àká ni pé iná tí wọ́n há mọ́ inú yàrá náà ń jò díẹ̀díẹ̀ bí dráìfù kò bá rí iná. Òfin tí ẹgbẹ́ JEDEC, tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, fi lélẹ̀ ni pé SSD kọ̀ǹpútà wa, tí wọ́n bá ti lò ó dé òpin agbára rẹ̀, gbọ́dọ̀ lè mú ohun tó wà nínú rẹ̀ dání fún ọdún kan láìsí iná, níbi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 30 sẹ́ńtígíréètì. Tuntun yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àmọ́ bí ooru bá ṣe pọ̀ sí i ni àkókò náà ń kúrú, mo sì mọ bí inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé wa ṣe ń rí lóṣù Ẹrẹ́nà.

Ó wá ku okùn, ohun tí kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa rẹ̀. Dráìfù lè jẹ́ ẹṣin. Bí ọ̀nà bá há, á rìn bí ìgbín. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé bíìtì ni wọ́n fi ń ka ìwọ̀n ọ̀nà, báìtì ni wọ́n fi ń ka ẹrù, bíìtì mẹ́jọ ló sì ń di báìtì kan. USB 2.0 ń gbé 480 mẹ́gábíìtì, ohun tó sì ń jáde nínú rẹ̀ lójú ayé kò ju nǹkan bí 40 mẹ́gábáìtì lọ. USB 3.0 ń gbé gígábíìtì 5. Àwọn tó ni orúkọ náà wá pè é ní 3.1 Gen 1, wọ́n tún sọ ọ́ di 3.2 Gen 1, bí ẹni tó ń yí orúkọ padà nítorí gbèsè. Ọ̀nà kan náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni oní gígábíìtì 10 wà, tó ń gbé nǹkan bí 1,000 mẹ́gábáìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá, tí ó sì tó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ́dítọ̀. Ti 20 wà, ṣùgbọ́n bí ihò ara láptọ́ọ̀pù yín kò bá mọ̀ ọ́n, bí ọ̀pọ̀ Mac kò ṣe mọ̀ ọ́n, ti 10 náà ni yóò padà sí, owó tí ẹ fi lé e sì ti ṣòfò. Thunderbolt 3 àti 4 ń gbé 40.

Nínú ìṣirò, ẹrù 450 GB yẹn yóò gba ju wákàtí mẹ́ta lọ lójú USB 2.0. Lórí háàdì dráìfù kékeré tó ń gbé 120 mẹ́gábáìtì, yóò gba nǹkan bíi wákàtí kan. Láti SSD sí SSD lójú ọ̀nà 10, ìṣẹ́jú mẹ́jọ lè má pé, bí fàrándà kò bá kún.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnu okùn tàn yín jẹ. USB-C jẹ́ orúkọ ìrísí ẹnu okùn, kò sọ ohunkóhun nípa iyára. Ọ̀pọ̀ okùn tí wọ́n fi ń ṣáájì fóònù ní ẹnu USB-C, ṣùgbọ́n wáyà USB 2.0 nìkan ló wà nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá gbé SSD tuntun wá bá mi pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, okùn ṣájà ló fi so ó. Okùn tó bá inú páálí wá, ẹ fi bébà lẹ̀ ẹ́, kí ẹ kọ orúkọ dráìfù sí i.

Kí ni ẹ́dítọ̀ nílò gan-an? Kò pọ̀ tó ohun tí àwọn onísọ̀ ń sọ. Fídíò 100 mẹ́gábíìtì yẹn kò gbà ju mẹ́gábáìtì 12.5 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Kámẹ́rà méjì, 25. Dráìfù èyíkéyìí lè gbé e. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń gán lórí irú fídíò bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló ń jà láti tú ohun tí kámẹ́rà dì pọ̀ mọ́ra, SSD tuntun kò sì ní wò ó sàn. Ọ̀rọ̀ yí padà tí ẹ bá sọ fídíò náà di ProRes 422 HQ, irú èyí tí wọ́n ń béèrè fún nínú iṣẹ́ fíìmù. Ní 4K, férémù 25, ẹyọ kan ń fẹ́ nǹkan bí 92 mẹ́gábáìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí kan rẹ̀ sì ju 330 GB lọ. Ẹ gbé méjì síra wọn lórí ìlà ìgé, háàdì dráìfù àpò ti túúbá. Ibẹ̀ ni SSD ti ń jẹ owó rẹ̀. Ẹni tí kò tíì lówó rẹ̀ lè lo proxy: ètò tí a fi ń gé fídíò, bíi DaVinci Resolve àti Premiere Pro, lè ṣe ẹ̀dà kékeré fún fídíò kọ̀ọ̀kan, ẹ ó máa fi èyí gé iṣẹ́, wọn ó sì padà sórí fídíò gidi nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde. Mo fi ọdún méjì jẹun lórí proxy kí n tó ra SSD.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Ní Computer Village, ní Ìkẹjà, ẹ ó rí SSD gidi, ẹ ó rí tokunbo, ẹ ó sì rí ohun tí kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ ó rí èyí tó kéré bí páálí ìṣáná tí wọ́n kọ 16 TB sí lára, tẹrabáìtì mẹ́rìndínlógún, tí owó rẹ̀ kò tó ti 1 TB gidi. Inú rẹ̀ kò ju mẹ́mọ́rì káàdì kékeré kan lọ, 64 GB nígbà mìíràn, tí wọ́n ti kọ́ ní irọ́ kó máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun jẹ́ 16 TB. Yóò gba fáìlì yín. Orúkọ fáìlì yóò hàn nínú fódà, ìwọ̀n rẹ̀ yóò hàn. Bí káàdì náà bá kún, yóò máa kọ tuntun lé orí àtijọ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i.

Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ wà tó ń tú wọn fó: H2testw lórí Windows, F3 lórí Mac àti Linux. Wọn ó kọ nǹkan kún dráìfù bámúbámú, wọn ó tún kà á padà láti wò bóyá ohun tí wọ́n kọ ni wọ́n bá. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, nítorí náà ẹ bá onísọ̀ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín pé ẹ ó dán an wò ní alẹ́, ẹ ó sì padà wá. Ọjà rẹ̀ kò dá a lójú bó bá fajú ro.

Ti 1 TB tó fi 931 GB hàn lórí Windows ní tirẹ̀ kì í ṣe jìbìtì. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni ilé iṣẹ́ ń kà, 1,024 ni Windows ń kà. Ẹrù kan náà ni, kọ́ńgò ló yàtọ̀.

Tokunbo kò burú lójú mi, bí ẹ bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Dráìfù ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní SMART, ètò kan tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo sì lè ka ìtàn náà fún yín: iye wákàtí tó ti wà lórí iná, iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí wọ́n ti fi òmíràn dípò. Bí iye ojú ibi yìí bá ti kúrò ní òdo, ẹ fi í sílẹ̀ fún onísọ̀. Àmọ́ wọ́n lè pa ìtàn náà rẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni àṣírí tú ní Jámánì pé wọ́n ń ta dráìfù Seagate tó ti ṣiṣẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí fún àwọn èèyàn bí ọ̀tun, SMART wọn ti di òdo.

Orúkọ ilé iṣẹ́ ńkọ́? Ó kéré lójú mi ju bó ṣe rí lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù lágbàáyé tó ń ṣe háàdì dráìfù: Seagate, Western Digital àti Toshiba. LaCie aláwọ̀ ọsàn tí gbogbo ẹ́dítọ̀ ń fi ṣe fáàrí, abẹ́ Seagate ló wà láti 2012. Rọ́bà tó yí i ká wúlò, àmọ́ dráìfù inú rẹ̀ kò wá láti ọ̀run. Ilé iṣẹ́ Backblaze ní Amẹ́ríkà, tó ń tọ́jú fáìlì fún àwọn èèyàn lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dráìfù, ń tẹ iye tó ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ jáde láti 2013. Ní 2023, 1.70 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lọ́dún náà. Inú yàrá tútù ni dráìfù tiwọn wà o, kò sẹ́ni tó ń gbé e gun ọ̀kadà. Lọ́dún 2023 kan náà, àwọn oníbàárà figbe ta pé SanDisk Extreme wọn, SSD tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán gbẹ́kẹ̀ lé, ń ṣàdédé gbàgbé ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Western Digital, tó ni SanDisk nígbà náà, gbé àtúnṣe jáde, àwọn kan sì pè é lẹ́jọ́. Orúkọ ńlá ni. Ohun tí mo ń wò ju orúkọ lọ ni ìwé ìdánilójú ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, àti bóyá ọwọ́ onísọ̀ tí n ó tún bá níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ ni mo ti rà á.

Ọ̀rọ̀ iná náà kò ṣeé fò. Háàdì dráìfù ńlá orí tábìlì ní wáyà iná tirẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná, láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, yóò máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe. Dráìfù kò ní, yóò sì kú láàárín gbólóhùn. Ẹni tí kò ní UPS tàbí inverter, kó ra kékeré tó ń gba iná láti ara láptọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá ń lo Windows àti Mac pọ̀, exFAT ni ẹ ó fi fọ́mátì rẹ̀ kí méjèèjì lè kọ nǹkan sí i, nítorí Mac ń ka NTFS, kì í kọ sí i. Ṣùgbọ́n exFAT kì í kọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀ síbì kan. Bí ẹ bá já okùn rẹ̀ gbà lójijì, ó lè má rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé, gbogbo fódà á sì dàrú. Ẹ tẹ bọ́tìnì ìyọkúrò kí ẹ tó fà á. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ìkánjú ni kì í jẹ́ ká ṣe é.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ̀dà kan kò sì tó fún fídíò. Ní 1998, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù Toy Story 2 ní ilé iṣẹ́ Pixar, ẹnìkan tẹ àṣẹ ìparẹ́ síbi tí kò yẹ, fíìmù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lójú wọn. Wọ́n sáré lọ síbi tí ẹ̀dà ìpamọ́ wà, wọ́n sì rí i pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́. Kò sẹ́ni tó dán an wò. Galyn Susman, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó sì ń ti ilé ṣiṣẹ́, ló rántí pé ẹ̀dà kan wà nínú kọ̀ǹpútà òun nílé. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé kọ̀ǹpútà náà, wọ́n rọra wà á bọ̀ nínú mọ́tò. Jíjókòó ti ọmọ tuntun nílé ló gba fíìmù olówó gọbọi là.

Ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Peter Krogh, ló sọ ìlànà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé di mímọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ohun ìtọ́jú méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Àwọn tó wà lókè òkun ń fi ọ̀kan náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi ṣírò ó: bí dátà mi bá ń gbé mẹ́gábíìtì 5 lọ sókè láàárín ìṣẹ́jú àáyá láìdúró, ìgbéyàwó kan yóò gba ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Nítorí náà ilé àbúrò mi ni "ibòmíràn" tèmi. SSD 2 TB ni ààrò mi. Háàdì dráìfù méjì ni àká, ìyẹn tó wà lórí tábìlì mi àti ìyẹn tó wà lọ́dọ̀ àbúrò mi. A ń pààrọ̀ wọn lóṣooṣù nígbà tí mo bá lọ kí i. N kì í fọ́mátì káàdì kámẹ́rà kí ẹrù inú rẹ̀ tó wà níbi méjì tí mo ti ṣí wò.

Bí dráìfù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tún un so láti wò ó bóyá ó ti sàn. Gbogbo ìgbà tó bá yí ni orí tó ti wọ́ ń ha àwo sí i. Ẹ má fi í sí fìríìsà, ohun tí àwọn kan ń gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí omi yóò dì sára àwo nígbà tó bá padà sínú ooru. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i nínú ṣọ́ọ̀bù tí fáànù ń fẹ́ eruku. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tú ń ṣe é nínú yàrá tí kò sí eruku, owó wọn sì sábà máa ń ju owó dráìfù tuntun lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Tèmi gba oṣù méjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì yọ, àti ìgbà tí wọ́n gbé pósí sínú ilẹ̀. Àríyá kò sí níbẹ̀. Mo dá ìdajì owó padà fún oníbàárà mi. Ó ka owó náà, ó sì ní kí n ṣáà fún òun ní ìwọ̀nba tó kù.